Bàbá Kó Ìwé Ìṣirò Lọ Sọ́jà Ìtóìkín

Bí ènìyàn bá wọ mọ́tò ní Sábó, láàrin ìlú Ìkòròdú, tí ó doríkọ ìlà-oòrùn, Ìtamágà ni yóò ti mọ̀ pé Èkó kì í ṣe afárá àti ilé alájà gíga nìkan. Oríta ni Ìtamágà. Ọ̀nà kan yà níbẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀dẹ́, ní agbègbè tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹgbìn wà létí ọ̀sà. Èkejì ń bá tirẹ̀ lọ, ó gba Ìmọ̀ta, ó gba ẹ̀bá Àgbọwá, ó sì dé Ìtóìkín kí ènìyàn tó máa lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ariwo kòrópe àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti gba oríta náà kan, àwọn obìnrin sì ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́bàá títì: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ìrì kò tíì gbẹ lára rẹ̀, ewédú, àgbàdo tútù, ẹ̀gẹ́ tí erùpẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè lọ jìnnà lè ra ohun ọbẹ̀ ọjọ́ méjì níbẹ̀ kí ó sì padà sílé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ọjà ní agbègbè yìí kì í fi Ìtamágà ṣe òpin ìrìn wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ mọ́tò.

Ìtàn tí àwọn ará Ìkòròdú ń sọ nípa orúkọ ìlú wọn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé ewébẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará Rẹ́mọ tí wọ́n ti Ṣágámù wá ló tẹ ibẹ̀ dó, pé odú, irú ẹ̀fọ́ kan, ló wà lórí ilẹ̀ náà, tí wọ́n fi ń pè é ní Oko-Odú, kí ahọ́n tó yí i padà di Ìkòròdú. A jẹ́ pé oko ni ìlú yìí kí ó tó di ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹ̀yìn tì sí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí agbára wọn kò ká ilẹ̀ Ìkẹjà tàbí Sùúrùlérè ti ń ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú, tí wọ́n sì ń kọ́lé síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ọdún yìí ìpìlẹ̀, ọdún mìíràn ògiri, ọdún mìíràn páànù. Wọ́n á jí ní aago mẹ́rin òru kí wọ́n má bàa pẹ́ níbi iṣẹ́, wọ́n á padà dé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Ní báyìí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n jókòó sínú ilé tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ lójúmọmọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ẹni tí wọ́n fẹ́.

Bàbá àti Màmá onílé wa wà lára wọn. Oníṣirò owó ni Bàbá ní àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá, Ìyá Tíṣà sì ni àwọn ará ọjà ṣì ń pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni Bàbá ti máa ń ka owó ọbẹ̀ sínú àpòòwé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí yóò gbé e sórí tábìlì, tí Màmá yóò mú un. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjà parí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Kò wọ ọjà oúnjẹ rí. Ẹ má rò pé mo ń fi ẹ̀sùn kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìran rẹ̀ ṣe ń ṣe, inú wọn a sì máa dùn pé àwọn kì í ṣe ọkọ tí ń yọjú sí ìkòkò.

Ní ọdún 2024, àpòòwé náà di ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó mọ́tò ti fò sókè, oúnjẹ sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ó di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé iye tí oúnjẹ fi wọ́n ju ti ọdún tó kọjá lọ jẹ́ ìdá 40.87 nínú 100. Owó ìfẹ̀yìntì Bàbá kò mọ̀ pé gàrí ti wọ́n. Abẹ́ ètò tí òfin ọdún 2004 dá sílẹ̀ ló wà, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ fi jọ ń dá owó sínú àpò kan. Láti ọdún 2014, ìdá 8 nínú 100 owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ń dá, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 10. Ohun tí ènìyàn bá ti kó jọ síbẹ̀ ni wọn yóò máa fún un díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ kò tíì bi agbanisíṣẹ́ yín bóyá ó ń dá tirẹ̀, ẹ bi í lọ́sẹ̀ yìí.

Owó inú àpòòwé náà ń tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Bàbá ní Màmá ni kò ṣírò dáadáa. Ó ní òun ti mú kí ìwé owó ilé-iṣẹ́ tí ó ní ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ bára mu rí, pé kí ni ìkòkò ọbẹ̀ ènìyàn méjì jẹ́? Ó mú ìwé kan tí ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn oníṣirò ń lò, ó ní kí Màmá máa kọ ohun gbogbo tí ó bá rà síbẹ̀. Màmá wo ìwé náà, ó wo Bàbá.

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ,” ló sọ. “Ẹ ó sì fọwọ́ ara yín kọ ọ́.”

Bí èmi náà ṣe bá wọn lọ nìyẹn, nítorí pé ayálégbé ni mí, apá mi sì lè gbé àpò gàrí.

Ọjọ́ ọjà ni a mú. Kòrópe kún ní Ìtamágà kí a tó dé ibùdókọ̀, a dúró de òmíràn. Lẹ́yìn tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí fọ́n ká, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn lẹ́bàá títì, pẹ̀lú pátákó àwọn tí ń ta ilẹ̀ láàrin wọn. Ó jọ pé pátákó ń pọ̀ ju ẹ̀gẹ́ lọ lọ́dọọdún. Ní Ìmọ̀ta, Bàbá fi ọwọ́ hàn wá ibi tí ọlọ ìrẹsì ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Wọ́n kọ́ ọ láti lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Bàbá ṣí ìwé rẹ̀ lórí orúnkún. “Tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́,” ó ní, “àpò olókìlò àádọ́ta 6,400 nìyẹn.”

“Mélòó ló wà nínú ìkòkò wa níbẹ̀?” ni Màmá béèrè, ó sì ń wo ojú fèrèsé.

Ìtóìkín jẹ́ ibi tí omi àti títì ti pàdé, ohun tí ó sì mú kí ọjà rẹ̀ gbádùn mọ́ni nìyẹn. Oúnjẹ oko wá láti apá kan: gàrí, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa, ata rodo, ìṣáná ẹ̀fọ́ tí wọ́n dì bí ìgbálẹ̀. Ẹja wá láti apá kejì: ẹ̀pìyà, àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, edé, àti ẹja yíyan tí wọ́n tẹ́ yíká inú apẹ̀rẹ̀ tí èéfín ṣì ń rùn lára rẹ̀. Ìgbín wà, wọ́n ń gbìyànjú láti sá kúrò nínú agbọ̀n. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tà níbẹ̀ ló mọ oko tí ọjà wọn ti wá. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ìyá kan ìgbà tí wọ́n ká ata rẹ̀, yóò sọ pé ìrọ̀lẹ́ àná. Ìyàtọ̀ ọjà àgbẹ̀ àti ọjà alágbàtà kò ju èyí lọ. Ní Máìlì Kejìlá, ata ti rin ìrìn ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó rí i, ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ti jẹ èrè lórí rẹ̀.

Agbègbè yìí mọ ọjà kí títì tó dé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, omi ni ọ̀nà, Ejìnrìn tí ó wà létí ọ̀sà, ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà tí ó tóbi jù lọ láàrin Ìjẹ̀bú àti Èkó. Àwọn ará òkè á ru epo pupa àti oúnjẹ wá, àwọn ará Èkó á fi ọkọ̀ ojú omi gbé aṣọ àti iyọ̀ pàdé wọn. Ọ̀rọ̀ ọjà ló fa ogun wá bá Ìkòròdú pàápàá: ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ọjà máa gba ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, àwọn ọmọ ogun tí Gómìnà Glover rán láti Èkó ló sì lé wọn kúrò. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, tí wọ́n sì ṣe ọ̀nà ojú irin gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, tí títì mọ́tò tún tẹ̀lé e, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí yà kúrò lójú omi. Ejìnrìn wà níbẹ̀ títí di òní, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí títì ṣe lè kọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè tú u.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nídìí gàrí. Ó béèrè iye tí kóńgò kan jẹ́, ó kọ ọ́. Ó lọ sí ìsọ̀ kejì, ó béèrè, ó kọ ọ́. Ó padà wá sọ fún Màmá pé ti ìsọ̀ kejì kò wọ́n tó ti àkọ́kọ́. Màmá ní kí ó fi ìka ti ìdí kóńgò náà láti abẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí náà ti yọ sókè sínú bí ìdodo ọmọ ọwọ́.

“Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀,” ni Màmá wí.

Ó tó kí n dúró díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ tí ó ń dá wọ ọjà fún ìgbà àkọ́kọ́ ti ń pàdánù. Déríkà tí a fi ń wọn ẹ̀wà àti ìrẹsì, agolo tòmátì De Rica ló fún un lórúkọ. Kóńgò jù ú lọ. Róbà ọ̀dà, ìyẹn garawa tí wọ́n ti kun ọ̀dà inú rẹ̀ tán, ni wọ́n fi ń ta gàrí àti ata fún ẹni tí ó ní ìdílé púpọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn ará ọjà kò lè fi ọgbọ́n yí padà: wọ́n lè fi iná ti ìdí rẹ̀ wọlé, wọ́n lè fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ orí òṣùwọ̀n wà. Ẹni tí ó rọra da gàrí sínú kóńgò tí ó sì ṣe é ní ṣóńṣó orí òkè, àti ẹni tí ó fi ọwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá ilẹ̀, iye kan náà ni wọ́n lè pè, oúnjẹ tí ẹ óò gbé lọ sílé kò sì ní dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlà kankan nínú ìwé Bàbá fún ṣóńṣó orí òkè.

Kò sì sí ìlà fún èènì. Nígbà tí ìyá aláta sọ ìkúnwọ́ ata rodo kan lé èyí tí a ti sanwó rẹ̀, Bàbá béèrè pé èló ni ìyẹn. Gbogbo àwọn tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ní, “Bàbá, èènì ni. Ẹ kọ ‘ẹ ṣeun’ síbẹ̀.”

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàrin tọkọtaya náà, mo sì rò pé ó dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń gbọ́ lórí rédíò lọ. Bàbá ní ohun tí kò jẹ́ kí ọjà wa ní láárí ni pé ohun gbogbo wà lórí ojú àánú. Kí wọ́n kọ iye sí ara ọjà, kí wọ́n lo òṣùwọ̀n onírin, kí ọlọ́rọ̀ àti tálákà ra á bákan náà. Màmá ní bí wọ́n bá kọ iye sí i, tálákà kò ní í rà á rárá, nítorí pé ìdúnàádúrà ni tálákà fi ń rí tirẹ̀ gbà. Bàbá mú Oúnjẹ Èkó jáde, ọjà ọjọ́ Àìkú tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, níbi tí wọ́n ti yọ ìdá 25 nínú 100 kúrò lórí iye oúnjẹ. Ó ní àpẹẹrẹ rere nìyẹn. Màmá gbà pé ó ṣe ènìyàn láǹfààní. Ó kàn béèrè pé bí ọjọ́ Àìkú bá kọjá ńkọ́, ta ni yóò tà fún ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ọjọ́rú?

Èmi rántí Àlímótù Pẹlẹwúrà, ìyá ọjà Ẹ̀rẹ̀kò tí ó kú ní 1951, aṣáájú àwọn obìnrin ọjà Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn fi iye kan lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn, ètò náà sì wà lábẹ́ ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Pullen, tí orúkọ rẹ̀ fi mọ́ ètò ọ̀hún lára títí di òní. Iye tí wọ́n pè kò tó ohun tí gàrí ń ná oníṣòwò láti oko. Gàrí kúrò lórí àtẹ, ó lọ sínú òkùnkùn, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ á sì san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pẹlẹwúrà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọn kò sì dẹ̀yìn títí ètò náà fi dópin lẹ́yìn tí ogun parí ní 1945. N kò sọ pé Bàbá jọ Pullen. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi gègé tún ọjà ṣe, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ iye tí ó ná gàrí láti jáde ní oko, àti ẹni tí ó ń rù ú.

A dé ìdí ẹja yíyan. Ìyá arúgbó kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ́n ń ta ẹja àti gàrí pọ̀. Bí ó ti rí Màmá, ó dìde.

“Ìyá Tíṣà! Ta lẹ mú wá yìí?”

“Ọkọ mi ni.”

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún nà ró. “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ojú yín rèé! Ó ti pẹ́ tí a ti ń bọ́ yín, a ò ríra rí.”

Bàbá dáhùn tayọ̀tayọ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó béèrè iye ẹja. Wọ́n pè é. Ó ní ó wọ́n, pé ní ìsọ̀ tí ó wà lẹ́yìn, nǹkan báyìí báyìí ni wọ́n pè. Ìyá náà ń wo bí ó ṣe ń kọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ máa kọ ọ́, Bàbá. Èmi náà kọ tiyín rí.”

“Tèmi?”

“Ọdún tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé níbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ. N kò mọ̀wé, èédú ni mo fi ń fà á sára ògiri. Kóńgò gàrí kan, mo fa ìlà kúkúrú. Ẹja, mo fa gígùn.”

Màmá ní, “Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn.”

“Ṣé mo ní ẹ jẹ mí ni?” Ìyá náà yíjú sí Bàbá. “Ó san gbogbo rẹ̀ o. Ó lé ní ọdún kan tí ó fi san án, díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ kọ́bọ̀ kan.”

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó, ó yẹ kí n sọ pé mo ti gbọ́ ìtàn oṣù mẹ́jọ yẹn lẹ́nu Bàbá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì wà nílé kí ó tó rí òmíràn. Ìgbàkígbà tí mo bá san owó ilé pẹ́, ìtàn náà ni yóò fi gbà mí nímọ̀ràn: pé òun ti ní owó ìpamọ́, pé òun kó o lé ìyàwó òun lọ́wọ́, pé owó náà ló gbé ilé já títí iṣẹ́ fi dé, pé kò sí ọjọ́ kan tí ebi pa ọmọ. Ìtàn náà ni ìgbéraga rẹ̀. Mo rò pé òun ló fi mọ ara rẹ̀ ní ọkùnrin.

Kò sọ nǹkan kan nídìí ẹja. Ó san iye tí wọ́n pè, kò sì kọ ọ́.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà, a kọjá Àgbọwá kí ó tó lanu.

“Owó tí mo kó fún ọ ńkọ́?”

“Ó tán ní oṣù kẹta,” ni Màmá dáhùn. “Owó ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, ẹ ti gbàgbé ni?”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

Màmá tún àpò ẹja tí ó wà lórí itan rẹ̀ ṣe. “Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sójú fèrèsé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́? Tí ọmọ bá kí yín, ẹ kì í dáhùn. Kí n wá sọ pé kí ni?”

Àwọn obìnrin tí ó wà lẹ́yìn wa ti pa ojú dé bí ẹni ń sùn. Kò sí ẹni tí ó ń sùn nínú kòrópe yẹn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò yin Màmá, èmi náà yìn ín. Ṣùgbọ́n n kò lè yìn ín délẹ̀délẹ̀. Ní oṣù mẹ́jọ náà, ó ṣeé ṣe kí ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ oògùn. Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò kí wọ́n tún ka gbèsè sí i létí. Lẹ́yìn ìgbà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ ìtàn tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún àlejò, ó sì ń gbé omi wá fún àlejò náà. Nítorí ìtàn yẹn ni Bàbá ṣe gbà pé owó tí òun bá kà sínú àpòòwé máa ń tó bí a bá ṣọ́ ọ ná. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ra ìwé onílà. Ẹni tí ó fi gbèsè pamọ́ láti dáàbò bo ọkọ rẹ̀ ni ọkọ náà wá ń fẹ̀sùn kàn lọ́jọ́ ogbó pé kò mọ owó ná. Bí mo bá gbéyàwó, mo fẹ́ kí ó sọ fún mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ nínú ìjà.

Nílé, Bàbá jókòó ti ìwé náà. Ó ṣírò ohun tí a rà sí oṣù kan, ó fi owó gáàsì àti ti mọ́tò kún un. Ní alẹ́, ó pe Màmá, mo sì ń gbọ́ wọn láti ìsàlẹ̀ nítorí pé fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ó ní owó inú àpòòwé kò tó, pé kò tíì tó láti ọdún tó kọjá. Màmá ní òun mọ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ibi tí wọn yóò ti mú ìyókù, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. Ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ ni pé àpòòwé kò sí lórí tábìlì mọ́. Inú agolo kan tí wọ́n ti mu mílíìkì inú rẹ̀ tán ni owó wà, ọwọ́ àwọn méjèèjì sì ń dé ibẹ̀. Bàbá ṣì ní irú ẹja méjì nínú ọbẹ̀ kan ti pọ̀ jù. Màmá kò tíì gbà.

Ọjọ́ ọjà mìíràn, wọ́n tún lọ, mo tún bá wọn gbé ẹrù. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè jí. Nígbà tí oòrùn bá ti gun òkè, ẹja tí ó dára ti lọ, ata tí ó kù sì ti ń rọ. Ẹ mú àpò tí kò ní ya dání, ẹ mú owó kéékèèké, ẹ fi ìka ti ìdí kóńgò kí ẹ tó béèrè iye.

Bàbá kò mú ìwé dání lọ́jọ́ náà. Ìdí ẹja yíyan ló kọ́kọ́ lọ, ó kí ìyá náà, ó sì ní òun fẹ́ rí ògiri. Ìyá náà kò tètè mọ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí ó mọ̀ ọ́n, ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìsọ̀ onípákó ni nígbà náà, ó ní, òjò ti wó o tipẹ́. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi tún un kọ́, ọmọ òun sì ti kùn ún ní ọ̀dà ewé. Bàbá wo ògiri aláwọ̀ ewé náà díẹ̀. Ó béèrè iye ọ̀bọ̀kún, ó béèrè iye àrọ̀, ó sì ra méjèèjì.